Ogunléndé Kì í Ṣe Àlejò Ọjọ́ Kan

Àwa tí a ń fi ìtàn àwọn baba wa yangàn nínú ìwé yìí ní oṣooṣù, ó yẹ kí a rántí ohun kan tí a kì í fẹ́ fi ẹnu ara wa sọ, èyíinì ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìlú tí a fi ń ṣògo lónìí, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni ó tẹ̀ wọ́n dó, tàbí ni ó sọ wọ́n di ńlá. Ìlú ogunléndé ni Abẹ́òkúta. Àgọ́ àwọn jagunjagun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Bí kì í bá ṣe ti àwọn tí ó sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí àwọn ìlú Ọ̀yọ́ apá òkè ń fọ́, ìlú náà kì bá tí tóbi tó bí ó ti tóbi. Ọ̀yọ́ tí Aláàfin jókòó sí lónìí pàápàá, Àgọ́-Ọjà ni wọ́n ń pè é kí Àtìbà tó kó ìjọba wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Nítorínáà, ẹni tí ó bá na ìka àbùkù sí ogunléndé nínú wa, kí ó wò ó dáadáa, bóyá baba ńlá rẹ̀ ni ó ń na ìka náà sí.

A sọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọ̀ràn náà ti padà wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Láti ọdún 2009 tí ìjà Bókó Háràmù ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà Ìlà-Oòrùn Àríwá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn tí ó sá kúrò nílé wọn lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti rìn títí dé àwọn ìlú tiwa, taya tọmọ. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ọ̀ràn náà kan àwa fúnra wa. Nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran mú ikú wọ àwọn abúlé kan ní Àríwá Yewa, àwọn ará ìhà Agbọ́n-Òjòdú àti àgbègbè rẹ̀ di ẹrù lé orí, wọ́n gba ojú ààlà kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Dàhòmì àtijọ́ tí a ń pè ní Benin lónìí. Ọmọ Yorùbá di ogunléndé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí a gbọ́ èdè wọn.

Àwọn ènìyàn wa mọ bí a ti ń gba àlejò. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ìyá Yorùbá bí a ti ń gbé omi mímu síwájú ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn baba wa pàápàá wí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ṣùgbọ́n àlejò tí òwe yìí ń wí ni àlejò tí yóò padà sílé. Ogunléndé kò ní ilé tí yóò padà sí, tàbí bí ó bá ní in, kò mọ ọjọ́ tí yóò padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Kí ni a ó ṣe fún ẹni tí yóò bímọ, tí yóò sì sin òkú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Èrò ti wa ni pé ohun mẹ́ta kan ni ó máa ń sọ ogunléndé di ènìyàn padà: ilẹ̀ tí a fi ààlà sí, ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹlẹ́rìí, àti ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ibi tí a bá ti fún un ní oúnjẹ láìfún un ní àwọn wọ̀nyí, ìjà ni a ń tọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jùlọ. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìbàdàn, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, tí wọ́n sì wá dó sí abẹ́ Olúmọ. Àwọn ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá ti fọ́. Ẹ kíyèsí bí wọ́n ti tún ayé wọn ṣe. Wọn kò da gbogbo ènìyàn pọ̀ bí àgbàdo inú àpò. Aké jókòó gẹ́gẹ́ bí Aké, Kẹ́mta gẹ́gẹ́ bí Kẹ́mta. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹùn, Ìtòkú, Ìporo, Ìgbẹ̀ìn àti àwọn yòókù. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀, Ògbóni rẹ̀ àti Ológun rẹ̀ wá sínú odi kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ti pàdánù ilé àti oko kò tún pàdánù orúkọ ìlú rẹ̀ mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ènìyàn tí kò mọ ẹni tí yóò pè ní baálẹ̀ rẹ̀, tí kò mọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ yó, ìsáǹsá ni í ṣe síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Òwu dé. Àwọn Òwu kì í ṣe Ẹ̀gbá, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa. Ìlú ńlá ni ìlú wọn kí àwọn ọ̀tá tó dó tì í fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n sì fọ́ ọ, ogun tí ó sì fọ́ Òwu náà ni ó ràn dé igbó Ẹ̀gbá. Ṣódẹkẹ́ ì bá wí pé àwọn wọ̀nyí ni ó fa ìyọnu bá wa, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró, a sì fún wọn ní apá ìlú tiwọn. A kò rò pé àánú nìkan ni ó ṣe é. Ìlú tuntun tí ọ̀tá yí ká ń fẹ́ apá tí yóò di ọkọ̀ mú, Ṣódẹkẹ́ kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí Dàhòmì wá kọ lu Abẹ́òkúta ní 1851, tí ó tún padà wá ní 1864, kò rí ìlú náà kó, Òwu sì wà nínú àwọn tí ó dúró lórí odi. Àwọn Òwu tún fi Olówu wọn jẹ nínú ilẹ̀ tí wọ́n wá bá. Lónìí Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu wà nínú àwọn ọba tí Abẹ́òkúta ń pè ní tirẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìjòyè: ogunléndé tí ó dé lẹ́yìn, adé rẹ̀ ń dán ní ẹ̀gbẹ́ adé àwọn tí ó gbà á.

Abẹ́òkúta yìí kan náà ni àwọn Sàró padà wá sí láti bí ọdún 1839, àwọn ọmọ tí a ti tà sí oko ẹrú tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n pẹ̀lú ṣòkòtò àti fìlà òyìnbó tí wọ́n dé. Kì í ṣe kìkì àwọn Ẹ̀gbá ni ó rí ẹbí wọn níbẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, tí a mú lẹ́rú ní 1821, nítòsí Abẹ́òkúta ni ó ti rí Afàlá ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀ṣoogùn ti parẹ́. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti di ará ilẹ̀ mìíràn. Àwọn òǹkọ̀wé ìjọ fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí fún iṣẹ́ ìyanu tí ó wà nínú rẹ̀, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ilẹ̀ tí ó gba ìyá arúgbó náà, níbo ni ọmọ rẹ̀ ì bá ti bá a?

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo nǹkan dára láyé àwọn baba wa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sá ni ó rí ìlú wọ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n mú lójú ọ̀nà tí wọ́n sì tà. Ọ̀pọ̀ ni ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà kí àwọn ìyókù lè jẹun, tí kò sì rí owó tí yóò fi rà á padà. Ẹni tí ó gba ogunléndé sílé rẹ̀ lè jẹ́ baba ìsàlẹ̀ fún un, ó sì lè jẹ́ olówó orí rẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì máa ń fi pe méjèèjì lójú ayé, wọ́n á ní ó “gba ènìyàn.” Ìdí nìyí tí a fi wí pé kí ọ̀rọ̀ náà ní ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní oṣù kẹta ọdún 1862, Abẹ́òkúta ni àwọn ará Ìjàyè tún sá wá. Ẹ̀gbá ti bá wọn jagun náà, kò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn nígbà tí ogun náà ṣẹ́ sí wọn lára. Àgọ́-Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta títí di òní olónìí, orúkọ náà tó ní ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn èyí, ìlú ogunléndé lé àwọn ọmọ ara rẹ̀ jáde. Èyí ni a ń pè ní Ìfọ́lé, ní oṣù kẹwàá ọdún 1867. Ìjà ààlà àti owó orí ọjà láàárín Abẹ́òkúta àti ìjọba òyìnbó ní Èkó ti gbóná, ìbínú náà sì ṣubú lu àwọn ilé ìsìn àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, *Ìwé Ìròhìn* tí Townsend ti ń tẹ̀ láti 1859 sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tí ó jẹ́ Kristiẹni bá kó jáde. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni láti ìgbà tí baba wọn ti dé abẹ́ Olúmọ. Àwọn kan nínú àwọn tí ó jáde lọ náà ti ní láti sá lẹ́ẹ̀mejì láyé wọn.

Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ni ó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó nígbà náà. Ó fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, ó sì là á sí òpópó títọ́ títọ́ bí a ti lè rí i síbẹ̀ lónìí. Ìbùdó náà ni a pè ní Àgọ́ Ẹ̀gbá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọmọ sí ilé ìwé, wọ́n sì di ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ Èkó ti orí ilẹ̀. Ìṣe rere ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ sẹ́ ẹ nítorí pé òyìnbó ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi kan kù. Ìdílé Ọlọ́tọ̀ wà ní ìhà ibẹ̀ kí Glover tó dé, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí a fún un: ṣé ilẹ̀ náà di tirẹ̀ ni, tàbí ó kàn ń gbé e? Ó lè tà á bí? Ọmọ rẹ̀ obìnrin lè jogún rẹ̀ bí? Nígbà tí ilẹ̀ Èkó di wúrà, àwọn lọ́yà rí oúnjẹ jẹ nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ọdún 1947 ni ìjọba tó ṣe òfin kan tí ó fi ìdí ilẹ̀ ìbùdó Glover múlẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ó ṣe òfin mìíràn fún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí Ọ̀ṣọ́dì Tápà àti àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ ti jókòó sí nígbà tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ padà bọ̀ ní 1862. Ẹ ka ọdún náà fúnra yín. Ó tó ọgọ́rin ọdún tí àwọn ìdílé fi gbé lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ti ta ni. Òwe àwọn baba wa ni ó sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ti baba àti ọmọ bá rí bẹ́ẹ̀, ti onílé àti ogunléndé ńkọ́?

A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan ti ń retí bóyá a ó lè dárúkọ Modákẹ́kẹ́. A ó dárúkọ rẹ̀. Ifẹ̀ gba àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá, ó sì gbà wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀; ẹni tí ó bá sọ pé Ifẹ̀ kò ṣoore, kò sọ òtítọ́. Àwọn tí a gbà náà ṣiṣẹ́ oko fún àwọn onílé wọn, wọ́n sì bá wọn ja ogun. Ẹni tí ó bá sọ pé wọn kò san oore náà, òun náà kò sọ òtítọ́. Ní bí ọdún 1847 ni Ọọ̀ni Abewéilá fún wọn ní ibùdó ọ̀tọ̀ lẹ́yìn odi. Kò pẹ́ kò jìnnà, ogun dé láàárín àwọn méjèèjì ní 1849, ó tún dé ní 1882. Ní 1909 wọ́n tú Modákẹ́kẹ́ ká, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wá. Ìjà náà tún bẹ́ ní 1981, ó sì tún bẹ́ láti 1997 di 2000, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé láti ìhà méjèèjì ń fi ìbọn wá ara wọn kiri. A kì í ṣe adájọ́ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, a kò sì fẹ́ jẹ́ ẹ. Ohun tí a rí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ipò ogunléndé náà kò hàn kedere. Àlejò ni wọ́n ni, tàbí ará ìlú? Ìran mélòó ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀ kí a tó wí pé ó tó? Ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún wọn nígbà tí a bá ń dá ẹjọ́ tí ó kàn wọ́n? Nígbà tí kòkó sọ ilẹ̀ oko di ohun iyebíye, ìbéèrè tí ọgọ́rùn-ún ọdún ti bò mọ́lẹ̀ dìde padà, ẹni tí ó sì lè dáhùn rẹ̀ láti inú ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kò sí láyé mọ́.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé ayé ti yí padà, pé ẹni tí ó wá lónìí lè jẹ́ amí ọ̀tá tàbí olè, àti pé ilẹ̀ kò tó àwa fúnra wa mọ́. Ọ̀rọ̀ olè náà kì í ṣe ìtàn asán. A kò ní í kẹ́gàn ìbẹ̀rù ẹni tí wọ́n ti jí ọmọ rẹ̀ gbé lójú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n ta ni ó rọrùn fún olè láti fara pamọ́ sí àárín rẹ̀: ìlú tí ogunléndé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, tí ó ní baba ìsàlẹ̀ tí yóò dúró fún un, tàbí ìlú tí a fi wọ́n sílẹ̀ sábẹ́ afárá àti sínú ilé tí a kò kọ́ parí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti wá? Ní ti ilẹ̀, ìdáhùn kì í ṣe kan náà ní Èkó àti ní Ìwéré-Ilé. Ìlú tí kò ní ilẹ̀ oko lè ní ìsọ̀ nínú ọjà, àwọn Ìyálọ́jà wa sì mọ èyí ju àwọn ìjòyè ọkùnrin lọ. Opó tí a bá fún ní ìsọ̀ kan àti agbọ̀n ata kan, ní ọdún kejì, òun ni yóò máa bọ́ àwọn mìíràn.

Àwọn ògo wa kò tí ì parẹ́ tán nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí ogun Làìbéríà bẹ́ ní òpin 1989, Orù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a pa àgọ́ fún àwọn tí ó sá wá ní 1990, àwọn ará Sàró sì bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbé láàárín wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà àti Sàró, pẹ̀lú àjọ ECOWAS àti àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀ràn ogunléndé, fi ọwọ́ sí ìwé kan pé ẹni tí kò bá fẹ́ padà lọ lè gba ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kí Nàìjíríà sì fún un ní ìwé àṣẹ láti máa gbé kí ó sì máa ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2012 ni a fi òpin sí orúkọ ogunléndé lórí àwọn ará Làìbéríà. Ìwé tí a fi ọwọ́ sí ni èyí, kì í ṣe ìlérí lójú ọ̀nà. Ó wù wá kí àwọn ààfin wa ṣe ohun tí ìjọba ṣe yìí ní ìwọ̀n ti wọn.

Kò ṣòro. Kí ìwé kan wà ní ààfin. Kí a kọ orúkọ baálé àti ìyàwó, iye ọmọ, ìlú tí wọ́n ti wá, ẹni tí ó gbà wọ́n, àti ilẹ̀ tí a fún wọn títí dé ibi tí a gbin pèrègún sí. Kí a kọ iye ọdún tí a fi fún wọn, ohun tí wọn yóò máa san bí ó bá wà, àti ìgbà tí a ó dẹ́kun gbígbà á. Kí a wí fún àwọn náà ohun tí í ṣe èèwọ̀ ìlú, nítorí àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ìjà ni ó ti odò tí a kì í wẹ̀ àti igbó tí a kì í wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí olórí wọn, ẹni tí àwọn fúnra wọn yàn, máa jókòó ní ìgbìmọ̀ nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó kàn wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ akọ̀wé yìí tọ́ sí yín. Ẹ má ṣe dúró de owó ìjọba kí ẹ tó ra ìwé kan àti gègé kan.

Ní ti àwọn ará Yewa tí ó kọjá ààlà ní 2021, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní. Ìhà ibẹ̀ mọ ohun tí ìsáǹsá jẹ́: Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, ó sì di ẹ̀yìn ìṣubú Béhánsìn kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó lè padà wá tún un tẹ̀ dó. Àwọn òǹkàwé wa ní Yewa, ní Kétu àti ní Pobẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ orúkọ abúlé tí ó gba àwọn ènìyàn, ilẹ̀ tí wọ́n fi wọ́n sí, àti àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ níwájú wọn. Ẹ sọ àwọn tí ó ti padà sílé àti àwọn tí ó kù. Àwọn àgbà náà ṣì wà láyé, a ó sì tẹ ohun tí wọ́n bá wí sí ojú ìwé yìí.